Sìmẹ́ǹtì Ọ̀sán, Ìwé Ìrọ̀lẹ́

Ẹ bi àwọn àgbà tó ti pẹ́ ní Kírikírì léèrè ohun tó gbé èbúté tí wọ́n ń pè ní Lighter Terminal wá sétí omi wa, wọn ò ní fọ̀rọ̀ falẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni. Láàárín 1974 sí 1975, owó epo rọ̀bì ti kún ọwọ́ ìjọba Yakubu Gowon. Wọ́n fẹ́ kọ́ bárékè, wọ́n fẹ́ la títì, ni wọ́n bá ní kí wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì wá. Iléeṣẹ́ ètò ààbò nìkan ló ni mílíọ̀nù 16 nínú rẹ̀. Ta ló jókòó ṣírò iye tí èbúté Àpápá lè já lọ́dún kan? Nígbà tí 1975 fi ń lọ sópin, ọkọ̀ tó lé ní 400 ti tò sójú òkun Èkó, sìmẹ́ǹtì ló sì wà nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Ojoojúmọ́ ni ìjọba ń san owó ìdádúró fún àwọn ọlọ́kọ̀. Ọ̀rinrin òkun ráyè wọlé, sìmẹ́ǹtì di òkúta nínú ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù ní London. Iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Trendtex pe báńkì àgbà ilẹ̀ wa lẹ́jọ́ lórí owó sìmẹ́ǹtì 240,000 tọ́ọ̀nù. Ní 1977, Lord Denning àtàwọn adájọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní báńkì náà ò lè fi agbádá ìjọba bo ara rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń ka ẹjọ́ yẹn dòní. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kẹwàá, ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can. Inú ètò ìdàgbàsókè 1975 sí 1980 kan náà ni ti Kírikírì náà ti jáde: kí ọkọ̀ ńlá dúró níbi tí omi ti jìn, kí bájì lọ já ẹrù inú rẹ̀, kó sì gbé e wá bá wa níbi tí omi ò ti jìn.

Nígbà ayé Abacha ni mo wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé tálì. Iṣẹ́ mi ni kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bájì, kí n máa ka àpò bí àwọn alábàárù ṣe ń rù ú bọ̀. Bàbá Ìlàjẹ kan wà láàárín wọn tí kì í wo ohun tí wọ́n kọ sára àpò rárá. Àtàǹpàkò ló máa fi tẹ igun rẹ̀. Bí igun náà bá fọ́, á ní ẹrù ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ máa gbé e lọ. Bí kò bá fọ́, á yíjú sí mi: "Má kọ èyí mọ́ ọn, ọmọ mi, òkúta ni." Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni olùkọ́ wá dúró níwájú bọ́ọ̀dù ní Yaba, níbi tí mo ti ń kàwé nírọ̀lẹ́, tó ń ṣàlàyé bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń bá omi dàpọ̀ tó sì ń le, pé omi inú afẹ́fẹ́ lásán tó láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò bàbá yẹn ni mo ń rí.

Kí irú wa tó lè máa ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án kó sì máa kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà sífílì nírọ̀lẹ́, ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tí Herbert Macaulay fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, kò síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní Èkó. Plymouth ni ìjọba rán an lọ ní 1890, ó sì padà ní 1893. Ó di January 1934 kí Gómìnà Cameron tó ṣí Yaba Higher College. Ayọ̀ ò pẹ́ kó tó di ìjà: dípúlọ́mà ni Yaba fẹ́ máa fún àwọn ọmọ wa, kì í ṣe digirí, wọ́n á sì máa ṣe igbákejì òyìnbó títí ayé. J.C. Vaughan, Ernest Ikoli, H.O. Davies àti Samuel Akinsanya dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti ta ko ó. Ẹgbẹ́ tó wá di Nigerian Youth Movement nìyẹn. Ẹ fi ìjà yẹn sọ́kàn, a ò tíì jà á tán.

Ní 1947, Yaba Technical Institute jáde láti ibẹ̀, ó sì di College of Technology ní 1963. Kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wá di ti akọ̀wé, mẹkáníìkì àti fọ́máànù. Àṣà náà ti pẹ́ nílùú òyìnbó: láti 1823 ni George Birkbeck àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ibi tí oníṣẹ́ ọwọ́ ti lè kàwé lálẹ́ sílẹ̀ ní London. Ọ̀pọ̀ bàbá wa tó lọ sọ́hùn-ún lẹ́yìn ogun Hitler ló to lẹ́tà ní ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì kàwé lálẹ́. Yunifásítì Èkó náà dá ẹ̀ka tó ń fi lẹ́tà kọ́ni sílẹ̀ ní 1974, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba iṣẹ́ bí okòwò àti ìṣirò owó ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá mu. Ta ló máa fi lẹ́tà po kọ́ńkéré? Polí ló gba irú wa: ọdún mẹ́ta fún ND, ọdún mẹ́ta fún HND, níbi tí àwọn onílé-ìwé ọ̀sán ti ń lo méjì-méjì.

Láti Kírikírì sí Yaba, dánfó Boundary la máa ń wọ̀, ká tún wọ ti Costain. Bí tánkà bá ti dí Ìjọra, ẹsẹ̀ ló kù. Àwọn ẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ á máa pariwo "Ẹnjiníà!" tẹ̀lé mi bí mo ṣe ń sáré jáde ní géètì, àwọn alábàárù á sì máa rẹ́rìn-ín. Inú lábù ni mo ti máa ń gbàgbé wọn. Ẹ ó gbé kóònù irin kan kalẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ 300 mìlímítà, ẹ ó da kọ́ńkéré sí i ní ìpele mẹ́ta, ẹ ó fi ọ̀pá irin gún ìpele kọ̀ọ̀kan nígbà 25, ẹ ó sì rọra fa kóònù sókè. Bí kọ́ńkéré náà bá ṣe wálẹ̀ tó lẹ fi ń mọ bí omi rẹ̀ ti pọ̀ tó. Àwọn tó ti ń ṣe bíríkìlà lọ́sàn-án kì í dúró de rúlà. Wọ́n á ti sọ iye rẹ̀ kí olùkọ́ tó wọ̀n ọ́n, wọn kì í sì í ṣì í púpọ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni ìdí tí omi àpọ̀jù fi ń pa kọ́ńkéré. Ìdí yẹn ni wọ́n ń sanwó fún.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ẹ̀kọ́ nípa títì. Láàárín 1958 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ẹrù yípo lórí títì tí wọ́n dìídì ṣe sí Illinois, wọ́n sì rí i pé bí ẹrù orí áàsì kan bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì lè di ìlọ́po 16. Mo gbọ́ ọ, mo sì rántí àwọn tírélà tó ń jáde ní géètì wa, tí táyà wọn fẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹrù, tí wọ́n ń gba orí ilẹ̀ tó jẹ́ irà tẹ́lẹ̀. Gbogbo Ajégúnlẹ̀ ló máa ń sọ pé òjò ló ń ba títì Àpápá jẹ́. Òjò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹrù ni olórí ẹlẹ́ṣẹ̀. Lẹ́yìn 2017 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ńkéré tún Wharf Road ní Àpápá ṣe, tí Dangote àti Flour Mills wà lára àwọn tó gbé owó rẹ̀, mo lọ wò ó bí ẹni lọ kí ọmọ tuntun.

Ṣùgbọ́n ìjà 1934 ṣì wà nílẹ̀. COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, tí òfin 1970 dá sílẹ̀, kì í kọ HND sílẹ̀ bí ẹnjiníà. Technologist ni wọ́n ń pè é, ó sì di 1992 kí òfin tó ṣí ìwé wọn sílẹ̀ fún technologist pàápàá. Èmi ò rí i bí ẹ̀gàn pátápátá, nítorí ìṣirò tí wọ́n ń ṣe ní yunifásítì jinlẹ̀ ju tiwa lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ẹni tó ti dúró ti kọ́ńkéré fún ogún ọdún ní láti padà lọ jókòó lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó pè é lórúkọ náà. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó sọ Lagos State Polytechnic di yunifásítì, wọ́n fi digirí yanjú tiwọn.

Ọmọ aládùúgbò mi kan ní Wilmer ń tẹ irin nídìí ilé kíkọ́. Ó wá bá mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì, polí tàbí yunifásítì?" Mo bi í pé aago mélòó ni ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ́ kó kúrò níbi iṣẹ́.