Iyàn Onímọ̀, Ẹjọ́ Ará Ìlú: Àkọsílẹ̀ Ìwọ̀n Ooru ní Mushin, Surulere àti Yaba

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ooru mú gan-an ní gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Abidjan títí dé Èkó. Ọjọ́ 11 oṣù náà, tí Nàìjíríà àti Ivory Coast gbá àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, wà lára ọjọ́ márùn-ún tí àwọn onímọ̀ gbé yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ní oṣù Kẹta, ẹgbẹ́ World Weather Attribution, tí onímọ̀ láti àjọ ojú ọjọ́ wa, NiMet, wà lára wọn, gbé ìwádìí jáde. Wọ́n ní bí a bá pa ooru àti ọ̀rinrin àwọn ọjọ́ náà pọ̀, ó fi nǹkan bí 4°C ju bí ì bá ti rí lọ ká ní ènìyàn kò tíì mú ayé gbóná. Bí ara ṣe ń gbọ́ ọ, wọ́n ní ó tó nǹkan bí 50°C.

Ìbéèrè tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ máa ń bí ní ìgboro kò ju méjì lọ: ta ló wọ̀n ọ́n, níbo ló sì ti wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè olóye ni. Èrò tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé iyàn láàárín àwọn onímọ̀ lórí ìwọ̀n ooru kì í ṣe àbùkù fún ìmọ̀ wọn, òun gan-an ló ń tún un ṣe. Ohun tó ń ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ ní Èkó ni pé kò sí àkọsílẹ̀ tó pọ̀ tó tí a ó fi parí iyàn, ìwọ̀nba tó sì wà, ará ìlú kò rí i ṣí wò.

Nọ́ńbà mẹ́ta tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Ìdajì ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ ló ti inú ìdàpọ̀ nọ́ńbà wá. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ooru afẹ́fẹ́. Ìlànà Àjọ Ojú Ọjọ́ Àgbáyé, WMO, ni pé kí tẹ̀mómítà wà nínú àpótí funfun tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ní ìwọ̀n mítà 1.25 sí 2 sí ilẹ̀, lórí koríko, kí ó sì jìnnà sí ògiri àti kọnkéré. Ibùdó irú rẹ̀ wà ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé àgbáyé jẹ́ 65201. Òmíràn wà ní Oshodi. Wọn kò gbé wọn síbẹ̀ láti sọ bí ọjà Ojúwòyè ní Mushin ṣe gbóná tó.

Èkejì ni ooru bí ara ti ń gbọ́ ọ. Ìṣirò ni èyí, tí a fi ń pa ooru afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀rinrin, nítorí níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀, òógùn kì í tètè gbẹ lára, ara kì í sì tutù. Òun ni 50°C inú ìwádìí 2024 yẹn. Òun náà ni nọ́ńbà kejì tí fóònù máa ń fi hàn lábẹ́ ti àkọ́kọ́. Fóònù kò wọn afẹ́fẹ́ àdúgbò ẹnikẹ́ni, ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ṣe níbòmíràn ló ń kà fún wa.

Ẹ̀kẹta ni ooru ojú ilẹ̀, èyí tí sátẹ́láìtì ń wò. Sátẹ́láìtì Landsat kan ń kọjá lórí Èkó lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ 16, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, láti nǹkan bí kìlómítà 705 lókè. Orí páànù, títì ọlọ́dà àti ilẹ̀ gbalasa ló ń rí. Ìkùukùu sì máa ń bo Èkó ní ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí náà ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwòrán tó mọ́ máa ń pọ̀. Bí olùwádìí bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sọ pé Mushin gbóná ju Akoka lọ, òótọ́ ló sọ nípa òrùlé àti títì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Kò tíì sọ ohunkóhun nípa afẹ́fẹ́ tí ọmọ ìkókó ń mí sínú ní yàrá kan ṣoṣo ní agogo méjì òru. Bẹ́ẹ̀, òru gan-an ni ìyàtọ̀ ooru ìlú àti ti ìgbèríko máa ń hàn jù, nígbà tí kọnkéré bá ń tú ooru ọ̀sán sílẹ̀.

Kí ló dé tí àpilẹ̀kọ lórí ooru Èkó fi kún fún àwòrán sátẹ́láìtì? Ìdí kan ni pé láti 2008 ni Amẹ́ríkà ti ṣí àká Landsat sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, nígbà tí NiMet ń gba owó lórí ọ̀pọ̀ nínú àkọsílẹ̀ ibùdó wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó yóò lọ síbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Bí a ṣe wá mọ orí páànù Mushin láti kìlómítà 705 lókè nìyẹn, tí a kò sì mọ afẹ́fẹ́ inú àdúgbò náà ní mítà méjì sí ilẹ̀. Ó yẹ kí èyí dun gbogbo àwa tí a ń pe ara wa ní olùwádìí.

Ohun tí iyàn àgbáyé ti fi hàn

Àwọn kan gbà pé bí onímọ̀ bá ti ń bá ara wọn jà, a jẹ́ pé irọ́ wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ní 1990, Roy Spencer àti John Christy, ní Huntsville ní ìpínlẹ̀ Alabama, gbé àkọsílẹ̀ ooru afẹ́fẹ́ òkè jáde láti inú sátẹ́láìtì. Àkọsílẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ayé ń gbóná, àwọn tí kò gbà pé ó ń gbóná sì dì í mú ṣinṣin. Ní 1998, Frank Wentz àti Matthias Schabel fi hàn pé sátẹ́láìtì náà ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà rẹ̀, èyí sì ń mú kí ooru dà bí ẹni pé ó ń dín kù. Ní 2005, Carl Mears àti Wentz tún rí àṣìṣe nínú àtúnṣe tí wọ́n ṣe nítorí wákàtí tí sátẹ́láìtì ń kọjá. Spencer àti Christy gba àṣìṣe náà, wọ́n tún un ṣe. Ẹgbẹ́ méjèèjì kò tíì fẹnu kò lórí iye rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ méjèèjì ló ń sọ báyìí pé ó ń gbóná.

Ti Yunifásítì East Anglia ní Bìrìtìkó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá 2009, wọ́n jí íméèlì àwọn onímọ̀ Climatic Research Unit, wọ́n sì tú u síta. Ariwo ta pé Phil Jones, olórí wọn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí nọ́ńbà ooru. Ìgbìmọ̀ Muir Russell, tó wádìí ẹ̀sùn náà, jábọ̀ ní oṣù Keje 2010: òtítọ́ inú wọn kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n wọn kò ṣí iṣẹ́ wọn sílẹ̀ bó ti yẹ. Ìgbìmọ̀ náà tilẹ̀ lọ kó àkọsílẹ̀ ibùdó tó wà níta gbangba, ó ṣe ìṣirò tirẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, èsì rẹ̀ sì bá ti Jones mu. Apá kan ìdí tí dátà fi wà ní títì ni àdéhùn pẹ̀lú àwọn àjọ ojú ọjọ́ orílẹ̀-èdè tí kò fẹ́ kí a pín in. Nígbà tó di oṣù Keje 2011, wọ́n tú u síta, àfi ti Poland. Ohun tí ọjọ́ méjì ì bá ti parí ló di ọ̀ràn àgbáyé nítorí ilẹ̀kùn tí a tì.

Richard Muller, onímọ̀ físíìsì ní Berkeley, fi bí àríwísí ṣe ń di iṣẹ́ hàn. Àkọsílẹ̀ ibùdó kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní 2010 ó kó ẹgbẹ́ jọ, apá kan owó wọn sì ti ọ̀dọ̀ àjọ Charles Koch wá, ẹni tí òwò rẹ̀ wà nínú epo. Wọ́n kó àkọsílẹ̀ ibùdó tó ju 36,000 lọ. Ní 2012 ó kéde pé ilẹ̀ ayé ti fi nǹkan bí 1.5°C gbóná sí i láàárín ọdún 250, àti pé ooru inú ìlú ńlá kọ́ ló fà á. Ó wá láti tako, ìṣirò tirẹ̀ ló sì yí i lọ́kàn padà.

Àríwísí sì ti mú onímọ̀ ní ibi tí wọ́n ti jẹ̀bi. Ìròyìn IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí àyípadà ojú ọjọ́, ti 2007 sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan, ìkórè oko tó gbára lé òjò lè dín kù tó ìdajì kí ó tó di 2020. Ní 2010 ni àwọn oníròyìn tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé orí ìwé kan nípa Morocco, Algeria àti Tunisia ló dúró lé, ìwé tí kò gba ọwọ́ àyẹ̀wò àwọn ẹlẹgbẹ́ onímọ̀ kọjá. Àwa tí a ń gbé Áfíríkà ni ìròyìn náà sọ̀rọ̀ lé lórí, kò sì yẹ kó jẹ́ pé àwọn oníròyìn London ni yóò bá wa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Àtúnṣe, àti ohun tí a ń yọ dànù

Bí ará ìlú bá gbọ́ pé onímọ̀ ń “tún” àkọsílẹ̀ ooru ṣe, èrú ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ jẹ́ ká mú Ìkẹjà yẹ̀ wò. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ṣe pápákọ̀ òfurufú rẹ̀, nígbà tí igbó àti oko ṣì yí i ká. Láti 1955 ni LEDB, àjọ tó ń rí sí àtúntò ìlú Èkó nígbà náà, ti ń wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí Surulere. Ilé wá ń kún títí ó fi kan ara wọn láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta dé Agége. Ní 1979 ni wọ́n ṣí ilé èrò ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní pápákọ̀ náà. Bí tẹ̀mómítà Ìkẹjà bá sọ pé ó ti gbóná ju ti àtijọ́ lọ, èló nínú rẹ̀ ni ti ayé, èló ni ti kọnkéré? Ẹni tó bá gbé nọ́ńbà náà bó ṣe wà lọ sínú ìṣirò àgbáyé, òun gan-an ló ṣe èrú.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Àwọn onímọ̀ NASA ń fi iná alẹ́ tí sátẹ́láìtì rí mọ ibùdó tó wà nínú ìlú ńlá, wọ́n sì ń fi àwọn ibùdó ìgbèríko tó yí i ká tún un ṣe. Àwọn mìíràn ń fi ibùdó wé aládùúgbò rẹ̀, bí a ti lè fi Ìkẹjà wé Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Cotonou, kí wọ́n lè rí ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣàdédé fò sókè nítorí wọ́n gbé òṣùwọ̀n tàbí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Tẹ̀mómítà oníméékúrì tí ayé ń fi ti ẹ̀rọ rọ́pò jẹ́ àpẹẹrẹ irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ní àtúnṣe wà láti bu ooru kún ooru: bí a bá pa ti òkun pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀, àpapọ̀ àtúnṣe náà ń dín iye tí ayé fi gbóná láti ìgbà pípẹ́ kù ni, kò fi kún un.

Síbẹ̀, ìhín ni ọ̀rọ̀ onímọ̀ àti ti ará ìlú ti yapa, tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣàlàyé fún èkejì. Fún ẹni tó ń wá bí ayé ṣe ń gbóná, ooru tí kọnkéré ìlú dá jẹ́ ìdọ̀tí nínú dátà, ó sì tọ́ kí ó yọ ọ́. Fún ẹni tó ń gbé Idi-Oro tàbí Ìtìrẹ́, ìdọ̀tí náà ni ayé rẹ̀. Páànù tó kan páànù, títì tí kò ní igi, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ilé tó dí afẹ́fẹ́ òkun lọ́nà: ohun tí àgbáyé ń yọ dànù ló ń sùn sínú rẹ̀. Bí a bá wá sọ fún un pé Ìkẹjà ka 33°C, tí ó sì ní irọ́ ni, àwọn méjèèjì lè jàre. Ẹ̀rí tí yóò fi èyí hàn ni kò sí, nítorí kò sí ẹni tó ń tọ́jú ohun tí a yọ.

Ibùdó díẹ̀ tí Áfíríkà ní tún mú un burú sí i. WMO ti sọ pé ibùdó ilẹ̀ wa kò ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó kéré jù tí a nílò lọ. Ní 1987, James Hansen àti Sergej Lebedeff fi hàn pé ìyípadà ooru ibùdó kan lè ṣojú fún ibi tó jìnnà sí i tó kìlómítà 1,200, ṣùgbọ́n wọ́n fi hàn pẹ̀lú pé àjọṣe yìí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa tó sún mọ́ agbede-méjì ayé. A jẹ́ pé ibi tí ibùdó ti wọ́n jù ni a ti nílò rẹ̀ jù.

Ẹjọ́ ará ìlú, èyí tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ará ìlú jàre nígbà tí ó bá ní wọn kò wọn ooru níbi tí òun ń gbé. Kò jàre nígbà tí ó bá fi àsọtẹ́lẹ̀ ba àkọsílẹ̀ jẹ́. NiMet lè sọ pé òjò yóò rọ̀ lọ́la kó má rọ̀. Ìyẹn kò sọ tẹ̀mómítà àná di òpùrọ́. Kò sì jàre nígbà tí ó bá fi ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ kan tako ìṣirò ọgọ́rùn-ún ọdún.

Onímọ̀ pẹ̀lú ní ẹ̀bi tirẹ̀ bí ó bá gbà pé ẹni tí kò kàwé kò lè béèrè bí a ṣe wọn ooru. Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1970, J. S. Oguntoyinbo ti Yunifásítì Ìbàdàn ti tẹ ìwádìí jáde lórí bí ewéko, irè oko àti ojú ilẹ̀ ìlú ní Nàìjíríà ṣe ń dá ìtànṣán oòrùn padà. Kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó gbọ́ ohun tí à ń pè ní àyípadà ojú ọjọ́ ni ó ti ń wọn ojú ilẹ̀ ìlú wa.

Àwọn kan yóò ní bí a bá ṣí gbogbo àkọsílẹ̀, ohun ìjà ni a kó fún alátakò. Ọ̀rọ̀ Muller ti dáhùn wọn. Àwọn mìíràn yóò ní NiMet nílò owó láti fi tọ́jú òṣùwọ̀n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n láti 1995, ìpinnu 40 WMO ti ní kí a má gba owó lórí dátà tó ṣe kókó, kí a sì jẹ́ kí ìwádìí àti ẹ̀kọ́ rí ìyókù gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlànà tuntun ti 2021 tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ló yẹ kó san owó náà, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe wà ní ìkáwọ́ wa. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà ní Akoka, Yabatech wà ní Yaba láti 1947, ilé ìwòsàn LUTH wà ní Idi-Araba, ilé ẹ̀kọ́ girama sì wà ní gbogbo àdúgbò Mushin. Kí òṣùwọ̀n wà ní àgbàlá wọn àti ní inú àdúgbò, kí ó máa ka ooru àti ọ̀rinrin tọ̀sán tòru. Kí ìwé kan máa bá a rìn, tí yóò sọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ, ọjọ́ tí wọ́n gé igi, ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí a tẹ nọ́ńbà tí a kò tíì fọwọ́ kàn àti èyí tí a tún ṣe síta pọ̀, pẹ̀lú ìdí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni a ó lè béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ onímọ̀ àti alárìíwísí. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà Èkó jẹ́ irọ́, kí ó mú ìṣirò tirẹ̀ wá, nítorí ìwé wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ní òótọ́ ni, kí ó má ṣe fi oyè rẹ̀ dáhùn, kí ó fi ìwé náà dáhùn. Bí àkọsílẹ̀ bá ṣì wà ní títì, ẹ̀tọ́ ará Mushin ni láti má gbà wá gbọ́, bí a tilẹ̀ ń sọ òótọ́ fún un.