Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ẹlẹ́ṣin Ọba Gẹ̀ẹ́sì

Púpọ̀ nínú yín ni ó ti rí àwòrán àwọn ọkùnrin kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n jókòó lórí ẹṣin dúdú, tí àṣíborí wọn ń kọ mànà, tí ìgbàyà irin wọn ń dán bí dígí, tí idà sì wà ní ọwọ́ wọn. Wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni ì báà máa wò wọ́n. Àwọn ni ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin ọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mìíràn a máa wí pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwa fẹ́ fi hàn nínú ọ̀rọ̀ wa yìí pé ẹ̀rù ni ó bí ẹgbẹ́ wọn; àti pé nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àwọn kan ti jẹ́ ọ̀tá ìdílé ọba náà gan-an rí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ kò ṣe àjèjì sí wa. Ní Ọ̀yọ́ Ilé, ìlú tí agbára ogun rẹ̀ wà lórí ẹṣin, akọni 70 ni ó ń jẹ́ oyè Ẹ̀ṣọ́, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sì ni olórí wọn. A kì í fi aṣọ mọ Ẹ̀ṣọ́; ibi tí ó dúró sí nígbà tí ọfà ń fò ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Òṣùwọ̀n kan náà ni a ó fi wọn àwọn ẹlẹ́ṣin Lọ́ńdọ̀nù yìí.

Ní ọdún 1642, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Ọba Charles Kìíní àti Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun abẹ́lé ni, ará ń bá ará jà, ọba ni a sì ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ 30 oṣù Jánúárì ọdún 1649, wọ́n mú un jáde sí iwájú ilé àsè ọba tí à ń pè ní Banqueting House, ní òpópó Whitehall, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí ní gbangba. Ọmọ rẹ̀, Charles Kejì, gbìyànjú láti gba ìjọba padà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ ní Worcester ní ọdún 1651, ó sì sá lọ sí òkè òkun. Ó di alárìnkiri ní ilẹ̀ Faransé, Jámánì àti Hólándì. Àwọn ọmọ ọlọ́lá tí wọ́n ti pàdánù ilé àti ilẹ̀ nítorí baba rẹ̀ ń tẹ̀ lé e, nǹkan bí 80 nínú wọn sì di ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Kò sí ìgbàyà dídán fún wọn nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn kò dájú. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì pe Charles padà, tí ó sì wọ Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 29 oṣù Máàyù ọdún 1660, ọjọ́ tí ó pé ẹni 30 ọdún, àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí gun ẹṣin tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ọba tí ó padà sí ìlú tí wọ́n ti pa baba rẹ̀, ta ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Àwọn àgbà wa wí pé bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Ilẹ̀ náà kún fún ọmọ ogun tí wọ́n ti jà fún Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti fún Oliver Cromwell. Àwọn ará ìlú kò sì fẹ́ kí ọmọ ogun kankan máa wà ní ìgbà àlàáfíà mọ́, nítorí wọ́n ti rí bí Cromwell ṣe fi idà jọba lé wọn lórí. Nítorí náà a bẹ̀rẹ̀ sí san owó wọn fún wọn, a sì ń tú wọn ká. Iṣẹ́ yìí ni a ń ṣe lọ nígbà tí Thomas Venner, ní oṣù Jánúárì ọdún 1661, kó nǹkan bí 50 ọkùnrin jáde pẹ̀lú ohun ìjà ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń kígbe pé kò sí ọba mìíràn bí kò ṣe Jésù. Ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀ kí a tó ṣẹ́gun wọn. Láti ìgbà náà ni ọba ti pinnu pé òun kò ní wà láìní ẹ̀ṣọ́.

Ẹ wá kíyèsí àwọn tí ó yàn. Ọ̀wọ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ di ẹgbẹ́ tí à ń pè ní Life Guards. Èkíní ni àwọn tí wọ́n bá a jìyà ní àjò. Èkejì jẹ́ ti àbúrò rẹ̀, Duke ti York. Ẹ̀kẹta sì jẹ́ ti Ọ̀gágun George Monck. Monck yìí ni ó ti ṣe olórí ogun Cromwell ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, kí ó tó yí padà, tí ó sì la ọ̀nà fún ọba láti wá sí ilé. Ẹgbẹ́ mìíràn sì tún wà tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1650 nípa àṣẹ Cromwell fúnra rẹ̀. A ti tú u ká; ṣùgbọ́n ní ọdún 1661 ọba tún un kó jọ, ti òun ti àwọn ọmọ ogun àtijọ́ nínú rẹ̀, ó sì fi Earl ti Oxford ṣe olórí wọn. Nítorí aṣọ aláró tí wọ́n ń wọ̀, orúkọ náà Blues mọ́ wọn lára.

Kì í ṣe pé ọba gbàgbé. Ó fi ìyà jẹ púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí ikú baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìdáríjì ti ọdún 1660 bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn yòókù mọ́lẹ̀. Ní ojú tiwa, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ nìkan ni ó fi ṣe ẹ̀ṣọ́, ogun náà kì bá tí parí: ìhà kan ìbá wà nínú ààfin, ìhà kejì ìbá wà lóde. Nígbà tí ó fi idà lé ọwọ́ ẹni tí ó ti dojú idà kọ ilé baba rẹ̀, ó sọ ọ̀tá di ará ilé.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ náà sì jà. Wọ́n wà ní Dettingen ní ọdún 1743, lábẹ́ George Kejì, ọba Gẹ̀ẹ́sì ìkẹyìn tí ó fúnra rẹ̀ kó ogun jáde. Wọ́n wà ní Waterloo ní ọjọ́ 18 oṣù Júùnù ọdún 1815, níbi tí wọ́n ti pàdé àwọn ẹlẹ́ṣin Napoleon tí wọ́n wọ ìgbàyà irin. Ohun ìyanu ni pé àwọn fúnra wọn kò ní ìgbàyà ní ọjọ́ náà. Ọdún 1821, nígbà ìdádé George Kẹrin, ni a tó fi ìgbàyà dídán wọ̀ wọ́n. Irin tí gbogbo ayé ń yìn kò sí ní àyà wọn ní ọjọ́ tí ikú súnmọ́ wọn jùlọ.

Àwa kì yóò fi ìkùnà wọn pamọ́ pẹ̀lú. Ìgbà kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú Life Guards jẹ́ àwọn tí wọ́n fi owó ra ipò, iṣẹ́ wọn sì dẹ̀, títí a fi tún ẹgbẹ́ náà tò ní ọdún 1788. A sì ń ròyìn rẹ̀ pé ní ọdún 1894, Ọbabìnrin Victoria bá àwọn ẹ̀ṣọ́ kan tí wọ́n ń mu ọtí, tí wọ́n sì ń ta tẹ́tẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ó sì pàṣẹ pé kí ọ̀gá kan máa yẹ̀ wọ́n wò ní agogo 4 ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ fún 100 ọdún. Iye ọdún náà pé ní 1994, síbẹ̀ àyẹ̀wò náà kò dúró. Ẹ̀ṣọ́ tí a kì í yẹ̀ wò, òun ni yóò sùn.

Ewu kò sì tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 20 oṣù Júláì ọdún 1982, wọ́n ti kúrò ní bárékè wọn, wọ́n ń gba inú Hyde Park lọ sí ẹnu iṣẹ́ ìṣọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ IRA, tí wọ́n ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà nítorí Áyálándì, ti fi bọ́ǹbù tí ó kún fún ìṣó pamọ́ sínú ọkọ̀ kan létí ọ̀nà. Ọmọ ogun 4 kú, ẹṣin 7 sì kú pẹ̀lú. Ẹṣin kan tí ń jẹ́ Sefton gba ọgbẹ́ 34, a tọ́jú rẹ̀, ó sì padà sí ẹnu iṣẹ́. Títí di òní, bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá ń kọjá níbẹ̀, wọ́n a máa fi idà kí àwọn òkú náà.

Ní ọdún 1969 a so Blues pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, a sì ń pè wọ́n ní Blues and Royals. Lónìí ọlọ́pàá ni ó ń rìn mọ́ ọba lójoojúmọ́, bí ogun bá sì dé, ọkọ̀ onírin ni àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń wọ̀ lọ. Kí ni ẹṣin wá wà fún? Àwa rò pé fún ìrántí ni. Ẹnu ọ̀nà Horse Guards tí wọ́n ń ṣọ́ dojú kọ Banqueting House gan-an, ibi tí a ti bẹ́ ọba lórí. Níbẹ̀ ni àwọn aláṣọ pupa Life Guards, tí ìran wọn ti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ọba wá, àti àwọn aláṣọ aláró Blues and Royals, tí ìran wọn ti inú ogun Cromwell wá, ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ó bá dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kan, ẹ má ṣe wo ẹṣin nìkan. Ẹ yí ojú padà, kí ẹ sì wo òdìkejì ọ̀nà.