Òru tí Tom Seaver fi New York sílẹ̀

Ọwọ́ Tom Seaver kò tíì rọ nígbà tí ẹgbẹ́ Mets ti ìlú New York yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọ ọdún 32 ni. Ọjọ́ 15, oṣù Òkúdu, ọdún 1977 ni gbèdéke tí líìgì bésíbọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ fún pípààrọ̀ eléré láàárín sáà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ Reds ní Cincinnati, wọ́n sì gba eléré mẹ́rin dípò rẹ̀: Pat Zachry, Doug Flynn, Steve Henderson àti Dan Norman. Ká pa òkìkí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, kò tó tirẹ̀.

Fún ẹni tí kò mọ eré náà, ajubọ́ọ̀lù ni ó máa ń dúró lórí òkìtì kékeré láàárín pápá, tí yóò máa ju bọ́ọ̀lù kọjá alátakò tí ó di igi mú. Bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni alátakò yóò máa nà. Seaver mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 1962 tí wọ́n ti dá Mets sílẹ̀, ẹlẹ́yà ni ayé ń fi wọ́n ṣe, títí di ọdún 1969 tí Seaver borí nínú ìdíje 25, tí ẹgbẹ́ náà sì gba adé World Series. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó gba Cy Young, àmì-ẹ̀yẹ ajubọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ.

Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Ṣáájú òpin ọdún 1975, ẹgbẹ́ tó bá ni eléré ni ó ni ín lọ gbére. Nínú oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà ni onílàjà kan, Peter Seitz, tú eléré méjì sílẹ̀ kúrò nínú ìdè yìí, ni owó àwọn eléré bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè. Seaver, tó ti tọwọ́ bọ̀wé tẹ́lẹ̀, ní kí wọ́n tún àdéhùn òun wò. Ó sì ń bínú pé wọn kò náwó ra eléré tuntun fún ẹgbẹ́ tó ń rì. M. Donald Grant, alága ẹgbẹ́ náà, kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú. Ibi tí ó ti wá kan èmi tí mo ti ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn rí nìyí. Dick Young, ògbóǹtarìgì akọ̀ròyìn eré ìdárayá ní Daily News, ti ń gbè sẹ́yìn Grant tipẹ́. Ọkọ ọmọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Mets. Lọ́jọ́ gbèdéke yẹn, ó kọ ọ́ pé Nancy, ìyàwó Seaver, ń jowú ìyàwó Nolan Ryan nítorí pé owó ọkọ onítọ̀hún ju ti Seaver lọ. A lè bu ẹnu àtẹ́ lu eléré nítorí bí ó ṣe ń ju bọ́ọ̀lù. Ìyàwó rẹ̀ kò sí lórí pápá. Bí Seaver ṣe gbọ́ ọ, ó ní ìdúnàádúrà ti parí, kí wọ́n mú òun kúrò níbẹ̀.

Nígbà tó ń dágbére fáwọn akọ̀ròyìn, ẹkún gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ìwé akọ̀ròyìn kan ni ó gbà, tó fi kọ ohun tí kò lè sọ fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀.

Mets borí nínú ìdíje 64 lọ́dún náà, wọ́n pàdánù 98, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n wà ní 1978 àti 1979. Òǹwòran tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ní 1969 kò tó 800,000 mọ́ ní 1979. Àwọn èèyàn sọ pápá Shea ní Ibojì Grant. Ní ọjọ́ 21, oṣù Ògún, 1977, Seaver padà wá sí Shea nínú aṣọ Reds, ó sì na Mets ní 5 sí 1.

Ó padà wá ṣeré fún wọn ní 1983, ó tún bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́dún kejì. Ní ọjọ́ 4, oṣù Ògún, 1985, ó borí nínú ìdíje ọ̀ọ́dúnrún rẹ̀. New York náà ni ó ti ṣe é, àmọ́ pápá Yankee ni, aṣọ White Sox ti Chicago sì ni ó wà lọ́rùn rẹ̀.