Ta ló bá wọn parí Ogun Kírìjì?

Ara ni mo wà tí mo ti ń ba yín sọ̀rọ̀, lẹ́bàá Ẹdẹ. Láti ibí, Ìkìrun ò jìnnà. Ìhà ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní 1878, kí ìjà tó sún lọ sí àárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, tó di Kírìjì. Ìbàdàn wà lápá kan, Èkìtìparapọ̀ wà lápá kejì, Ògèdèǹgbé ló ṣáájú wọn.

Ogun náà sú wọn. Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn kú sí ibùdó ogun ní 1885. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́kọ́ kó ẹrù rẹ̀ nílẹ̀? Ẹni tó bá kẹ́yìn, wọ́n lè lé e bá. Aláàfin Adéyẹmí Kìíní náà gbìyànjú, àmọ́ ìhà méjèèjì ló ń fura sí i.

Ní 1886, Gómìnà Moloney ní Èkó rán pásítọ̀ méjì jáde. Samuel Johnson ti ṣe tíṣà n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ọ̀yọ́ ló wà nígbà náà. Charles Phillips ní tirẹ̀, Oǹdó ló ti ń ṣiṣẹ́, ìhà Èkìtìparapọ̀ gbà á gbọ́. Ẹ rí i pé wọn ò ní ìbọn, wọn ò sì jọba. Mímọ̀ tí àwọn èèyàn mọ̀ wọ́n ni wọ́n fi wọ àgọ́. (Johnson fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn tí a ń kà yìí o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.) Èkó náà kúkú fẹ́ kí ọ̀nà ọjà là.

Wọ́n ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, níwájú àwọn aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tú àgọ́ ká, wọ́n sì dáná sun ún.

Ibi tó ń dùn mí rèé. Àdéhùn yẹn ní kí àwọn ará Mọdákẹ́kẹ́ kúrò nílẹ̀ Ifẹ̀, kí wọ́n wá sáàárín odò Ọ̀ṣun àti odò Ọbà, ìyẹn ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí. Wọn ò lọ. Ta ló máa fi ilé àti oko sílẹ̀ nítorí ìwé? Ní 1909 wọ́n tú wọn ká, ní nǹkan bí 1922 wọ́n padà. Ìjà bẹ́ ní 1981. Ó tún bẹ́ ní 1997, ó sì dé 2000 kó tó rọlẹ̀.