Ìdí Tí Wọn Ò Fi Wá Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta

Aago méje àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò tíì lù tí ọ̀gá oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti dé ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn. Ráútà kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dání, pẹ̀lú bátìrì, ọ̀pá gígùn, láptọ̀ọ̀pù, téépù ìwọ̀n, àti àwòrán ọgbà náà lórí bébà. Wọn ò tíì fẹ́ gbé Wi-Fi kọ́. Ibi tó yẹ kí wọ́n gbé e kọ́ sí ni wọ́n wá wò.

Ọ̀dọ̀ bàbá ọlọ́dẹ ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. "Ẹ káàárọ̀, sà. Bàbá, ẹ dákun, ilé wo ni wọ́n kọ́ kẹ́yìn níbí?" Bàbá nawọ́ sí ilé ìkàwé kan tí kò sí nínú àwòrán rárá. Òun náà ló sọ pé bí iná bá lọ, yàrá kọ̀ǹpútà àti ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà nìkan ni sólà ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí wúlò fún wọn ju àwòrán lọ.

Ní aago mẹ́jọ, wọ́n ṣí láptọ̀ọ̀pù láti wo nẹ́tíwọ̀kì tó ti wà ládùúgbò. Lórí 2.4 GHz, ṣánẹ́ẹ̀lì 1, 6 àti 11 ni mẹ́ta tí kì í kọlu ara wọn. Àwọn ṣọ́ọ̀bù òdìkejì títì ti kún orí 6 bámúbámú. Ọmọ iṣẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Títí di aago mọ́kànlá, wọ́n so ráútà mọ́ orí ọ̀pá, wọ́n gbé e ga dé àjà, wọ́n sì ń rìn láti kíláàsì dé kíláàsì. Agbára ìgbì tó tó -67 dBm ni wọ́n ń wá, torí pé ìpè fóònù kì í já níbẹ̀. 5 GHz yára, àmọ́ ògiri tètè máa ń borí rẹ̀, àgàgà ògiri alámọ̀ nípọnnípọn ti ilé àtijọ́ náà.

Gbọ̀ngàn ńlá ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tó ṣófo láàárọ̀, ìwọ̀n ẹ̀yìn pátápátá dára. Nígbà tí àwọn ọmọ kún inú rẹ̀ lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ọ̀gá ní, "Padà síbi tó o jókòó sí lẹ́ẹ̀kan." Ó ti lọ sílẹ̀ ju -67 lọ. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, omi a sì máa gba ìgbì mu. Ìyẹn nìkan kọ́: gbogbo fóònù tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, bí èrò tó ń dúró de korobá kan létí kànga. Ráútà ńlá kan níwájú ò lè tó. Méjì ni ọ̀gá fi sínú àwòrán, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ní kí wọ́n dín agbára wọn kù.

Ó máa ń dùn mí gan-an pé ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ìgbà ọlidé ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń wọn irú ilé báyìí, nígbà tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Owó àwọn òbí a ti lọ, àwọn ọmọ á sì máa fara da nẹ́tíwọ̀kì tí kò ṣeé lò.

Ní aago kan ọ̀sán, wọ́n dé ilé ibùsùn àwọn ọmọ, 180 mítà sí ilé ńlá. Wáyà nẹ́tíwọ̀kì oníbàbà kì í kọjá 100 mítà, torí náà áńténà méjì tó kọjú síra wọn ni wọ́n máa lò.

"Ọ̀gá, mo rí òrùlé ọ̀hún kedere."

"Ojú ẹ ló rí i. Ìgbì ńkọ́?"

Ní 5.8 GHz, ìgbì ń fẹ́ àyè tó tó mítà kan àtààbọ̀ yí ká ìlà náà láàárín ọ̀nà. Ewé igi máńgòrò kan sì wà níbẹ̀. Bí òjò bá sì ti rẹ ewé, ó tún máa ń dí ọ̀nà sí i. Abẹ́ igi yẹn ni àwọn ọmọ ti ń sinmi, kò sẹ́ni tó dárúkọ àáké. Nínú àwòrán, wọ́n gbé òpó áńténà lọ sí igun kejì òrùlé.

Ní aago mẹ́ta, wọ́n bá igbákejì ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀. "Mà, kíláàsì mélòó ló máa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà?" "Méjì." Iye ráútà yàrá kọ̀ǹpútà yí padà lójú ẹsẹ̀.

Aago mẹ́rin ni wọ́n palẹ̀ mọ́. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìkàwé wà lọ́wọ́ tíṣà kan tó rìnrìn àjò, nítorí náà wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Wọ́n bá igbákejì ọ̀gá àgbà ṣàdéhùn Ọjọ́bọ̀, ní wákàtí tí àwọn ọmọ máa ń kún ibẹ̀.