Shirakawa-go: Àwọn ilé olórùlé koríko láàárín òkè Japan

Láàárín àwọn òkè ńláńlá ìpínlẹ̀ Gifu, ní orílẹ̀-èdè Japan, ni Shirakawa-go wà, lẹ́bàá odò Sho. Bí ìgbà òtútù bá dé, òjò dídì a máa rọ̀ níbẹ̀ títí yóò fi ga ju ènìyàn lọ. Òjò dídì yìí ló kọ́ àwọn ará ibẹ̀ bí a ti í kọ́lé.

Gassho-zukuri ni wọ́n ń pe ilé wọn, èyí tí í ṣe ilé tí a kọ́ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a pa pọ̀ láti gbàdúrà. Òrùlé rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó tó ìwọ̀n díńgírì 60, kí òjò dídì má baà dúró pẹ́ lórí rẹ̀. Wọn kì í kan ìṣó mọ́ igi òrùlé náà. Okùn àti ẹ̀ka igi tútù ni wọ́n fi ń dì í, kí ó lè mì díẹ̀ bí ìjì bá ń jà. Koríko gíga tó jọ bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bò ó.

Láyé àtijọ́, orí àjà ni wọ́n ti ń sin kòkòrò tí ń pọ òwú ṣẹ́dà. Ìsàlẹ̀ ilé ńkọ́? Abẹ́ pákó ilẹ̀ ni wọ́n ń po erùpẹ̀, koríko àti ìgbẹ́ kòkòrò náà pọ̀ sí, tí wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí iyọ̀ tí a fi ń ṣe ẹ̀tù ìbọn yọ nínú rẹ̀. Òwò méjèèjì yìí ló sọ ìdílé Wada di ọlọ́rọ̀, ilé wọn sì wà ní abúlé Ogimachi di òní.

Òrùlé kan lè lò tó 30 sí 40 ọdún. Bí àkókò àtiṣe rẹ̀ bá tó, agboolé kan kò lè dá a ṣe. Ìgbà náà ni wọ́n ń pe yui, tí kò yàtọ̀ sí àáró: ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lè gun òrùlé kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan. Ẹni tí wọ́n bá ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, wọn a sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kí ó má di àríyànjiyàn.

Díẹ̀ ló kù kí àwọn ilé náà parẹ́. Omi ìdídò Miboro, tí wọ́n parí ní 1961, bo àwọn abúlé kan mọ́lẹ̀. Àwọn onílé mìíràn ta tiwọn fún ará ìlú ńlá. Ní 1971, àwọn ará Ogimachi pinnu pé àwọn kò ní tà, àwọn kò ní fi háyà, àwọn kò sì ní wó ilé kankan. Ní 1995, àjọ UNESCO fi Ogimachi, pẹ̀lú Ainokura àti Suganuma ní ìpínlẹ̀ Toyama, kún ogún àgbáyé.

Àlejò tó wá síbẹ̀ ní 2019 ju mílíọ̀nù kan lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Shirakawa fúnra wọn kò ju bíi 1,500 lọ. Ọwọ́ tó lè gun òrùlé ti dín kù. Àwọn oníṣẹ́ tí à ń sanwó fún ló ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láti ìlú mìíràn sì ń kún yui lọ́wọ́.