Ìlú Tó Di Ilé Ẹranko: Ìrìn Àjò Ìdílé Wa sí Ọ̀yọ́-Ilé

Ìtàn la tún gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n inú ilé wa ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà la ó ti sọ ọ́ wá.

Ní ọdún 2018, àbúrò wa kan tó ń gbé ní London fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Longleat, ọgbà ẹranko kan tí wọ́n ṣí ní England ní 1966, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ lóde ilẹ̀ Áfíríkà. Níbẹ̀, ẹranko ló ń rìn fàlàlà, èèyàn ló ń jókòó sínú mọ́tò, tí yóò ti gíláàsì pa. Nínú fọ́tò yẹn, kìnnìún ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà mọ́tò bí ẹni pé ewúrẹ́ àdúgbò ni.

Àwọn ọmọ wa wo fọ́tò náà títí. Ọgbà ẹranko Trans-Amadi nìkan ni wọ́n mọ̀, níbi tí ẹranko ti ń wo èèyàn láti ẹ̀yìn irin. Àbígbẹ̀yìn wa ní, "Dádì, ṣé a ò ní irú èyí ní Nàìjíríà ni?" A ní a ní in. Yankari wà ní Bauchi, wọ́n ti ṣí i fún aráàlú láti 1962. Ó tún ní, "Tàwa Yorùbá ńkọ́?"

Ojú tì wá díẹ̀. Torí tiwa wà, kò sì jìnnà sí Ìgbòho, ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Old Oyo National Park ni ìjọba ń pè é. Gbogbo ọdún tí a ti ń lọ sílé fún Kérésì, a ò kó àwọn ọmọ débẹ̀ rí. Ilé ẹ̀gbọ́n, ilé àna, òkú ṣíṣe, ó parí, a ti wọ mọ́tò padà sí Port Harcourt. Ìyá àwọn ọmọ ló dá ẹjọ́ náà: "Lọ́dún yìí, a máa lọ." A sì lọ.

Bọ́ọ̀sì wa ò lè wọ ọ̀nà igbó, a yá Hilux lọ́wọ́ ará ilé wa kan. A gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wọlé. Ẹ̀ṣọ́ ọgbà kan jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, bàbá àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Òfin mẹ́ta ló fún wa: ẹ má sọ̀kalẹ̀ àfi tí mo bá ní kí ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ má ju oúnjẹ sílẹ̀, ẹ má pariwo. Ẹ̀yin náà mọ èyí tó ṣòro jù fún ọmọ Port Harcourt nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dáa láti lọ. Koríko ti gbẹ, ojú ń ríran jìnnà, omi sì ti gbẹ níbòmíràn, ẹranko á máa wá mu omi lẹ́bàá Odò Ògùn. A rí ìnàkí bíi méjìlá tí wọ́n ń sọdá ọ̀nà, àgbà ọkùnrin wọn dúró láàrin títì, ó ń wò wá bí ọlọ́pàá tó fẹ́ bèèrè pátíkúlà. A rí àgbọ̀nrín, a rí ẹtù tó ń sáré lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ẹfọ̀n ò yọjú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú erùpẹ̀ la rí.

"Kìnnìún dà?" Ìbéèrè náà tún dé. A ṣàlàyé fún wọn pé ti Longleat, wọ́n kó kìnnìún wá ni, wọ́n sì fi wáyà ká wọn mọ́. Igbó tiwa, bí Ọlọ́run ṣe dá a ló wà, ẹranko inú rẹ̀ sì ti mọ ìró ìbọn láti ayé baba wọn, ó ti rí ẹ kí ẹ tó rí i. Ojú àwọn ọmọ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Bàbá ẹ̀ṣọ́ bá yíjú padà, ó ní, "Ẹ̀yin ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ dé Ọ̀yọ́-Ilé ná."

Ẹ̀yin èèyàn wa, ibi tí ìtàn wà nìyí.

Ọgbà yìí tóbi tó 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Lápá àríwá rẹ̀ ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́, tí ẹṣin wọn ń lọ dé Dahomey. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìlú náà di igbó.

Èkíní ṣẹlẹ̀ láàrin 1500 sí 1600, láyé Aláàfin Onígbògí, nígbà tí àwọn Tápà kó ìlú náà. Aláàfin sá lọ sọ́dọ̀ àwọn Ìbàrìbá. Nígbà tó yá, wọ́n tẹ Ìgbòho dó, ó sì di olú-ìlú. Aláàfin mẹ́rin ni wọ́n sin síbẹ̀, ní Igbó Ọba: Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ́mpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé.

Lẹ́yìn wọn ni Abípa jọba, ó ní òun fẹ́ kó gbogbo ènìyàn padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè ò fẹ́. Ìgbòho ti dẹ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, oko wọn ti so. Kí ni wọ́n ṣe? Àlùfáà Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìjòyè kan rán abuké rẹ̀, òmíràn rán àfín, òmíràn adẹ́tẹ̀, òmíràn aràrá, òmíràn arọ, kí wọ́n lọ máa gbé orí òkè Ọ̀yọ́-Ilé. Tí àwọn ìránṣẹ́ ọba bá dé láti wá rúbọ níbẹ̀ lóru, kí wọ́n tan iná kiri, kí wọ́n máa pariwo pé kò sáyè níbẹ̀ mọ́, iwin ti gbà á. Ẹ̀rù ba àwọn ìránṣẹ́, wọ́n sá wálé.

Ṣùgbọ́n Abípa gbọ́n. Ó rán ọdẹ mẹ́fà lọ, wọ́n sì mú àwọn iwin náà lọ́wọ́. Ọba ò pariwo. Ó pe àwọn ìjòyè síbi àsè, ó wá ní kí iwin kọ̀ọ̀kan gbé ọtí lọ fún ọ̀gá tó rán an. Ẹ fojú inú wo bí ojú wọn ṣe rí! Wọ́n gbà, wọ́n kó ẹrù, wọ́n padà sílé. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú iwin.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni èyí tí kò látúnṣe. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1826, láyé Aláàfin Májọ̀tú, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu ibodè 10 ni odi ìlú náà ní. Ṣùgbọ́n ilé ti ń jó láti inú. Afọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn tó pè wá ràn án lọ́wọ́ sì ti pa òun náà. Ní nǹkan bí 1835 sí 1837, Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, ìlú bá tú. Àtìbà gbé adé lọ sí Ọ̀yọ́ tòní. Àwọn yòókù gba Ìbàdàn, Ìjàyè, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìsẹ́yìn, ibi gbogbo.

Koríko hù, igi hù, ẹranko dé. Nígbà tí ìjọba òyìnbó máa sọ apá Òkè Ògùn di igbó ọba ní 1936, àti apá Ọ̀yọ́-Ilé ní 1941, ó ti tó nǹkan bí 100 ọdún tí Aláàfin ti kúrò níbẹ̀. Ní 1952, wọ́n sọ ọ́ di igbó ààbò ẹranko. Ní 1991, ó di ti ìjọba àpapọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a gba ọ̀nà Ìgbẹ́tì débẹ̀. Bàbá ẹ̀ṣọ́ ní ká sọ̀kalẹ̀. Ó fi ebè gígùn kan hàn wá nínú igbó, ó ní odi ìlú nìyẹn. Àkúfọ́ ìkòkò wà nílẹ̀. Ihò tí àwọn obìnrin fi ń lọ nǹkan ṣì wà lójú àpáta, ìyá àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ bọ ọ̀kan, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò bí ọlọ tirẹ̀. Igi osè ńláńlá dúró, ìnàkí sì ń gbó láti orí òkè, bóyá orí òkè kan náà tí àwọn iwin Abípa ti pariwo.

Àbígbẹ̀yìn wa ò bèèrè kìnnìún mọ́. Ó ní, "Dádì, ṣé ibí yìí ni ilé wa gan-an? Ta ló wá ń gbé e báyìí?" Kí a tó dáhùn, ó tún ní, "Tá a bá dúró sí Rumuola, ta ni á máa gbé ilé bàbá àgbà?"

A ò rí nǹkan sọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń sọ̀rọ̀ o. Ilé baba wa tó wà ní Ìgbòho, igbó ti bo ojúde rẹ̀ dé fèrèsé, a sì gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ sílé ẹ̀gbọ́n lọ́jọ́ tá a dé. Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti Ọ̀yọ́-Ilé dé, a wá àdá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa ro ibẹ̀, àtàwọn tí kò mú àdá rí láyé wọn.

A ò bá Rumuola jà. Ilẹ̀ yìí gbà wá, ó fún wa ní oúnjẹ, ibẹ̀ la bí àwọn ọmọ sí. Ọ̀yọ́-Ilé ló kọ́ wa pé ìlú kì í di igbó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwa ará Ìgbòho sì mọ̀ pé ẹni tí àjò bá dẹ̀ lọ́rùn lè rán iwin síwájú ara rẹ̀: ọ̀nà jìn, epo wọ́n, ó dọdún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rù ni iwin o. Ọ̀rọ̀ ààbò lójú ọ̀nà lónìí, òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará Òkè-Ògùn àti àwọn ẹ̀ṣọ́ bí ọ̀nà ṣe rí, kó má dá lọ. Tí kò bá tíì ṣeé lọ, ẹ jókòó ti àwọn ọmọ yín, kí ẹ sọ ìtàn ilé fún wọn.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ilé wa di igbó. Ẹ kú ilé o.